Ta ni ó dúró síbo nígbà tí igún dé? Ìfiwéra àwọn ìwé tí àwọn òǹkọ̀wé Ṣáínà kọ nípa Tíbẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà máa ń sọ pé láìrí igún, a kì í ṣẹbọ; láìrí àkàlà, a kì í ṣorò. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa bí àwọn ará Tíbẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣe òkú wọn. Lórí òkè gíga tí wọ́n ń gbé, ilẹ̀ a máa le koko bí òkúta nígbà òtútù débi pé ọkọ́ kò ní ràn án, igi sì ṣọ̀wọ́n débi pé ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ ìdílé darandaran fi ń dáná. Nítorí náà, bí ènìyàn bá kú, wọn a gbé òkú rẹ̀ lọ sórí àpáta ní ìdájí. Ẹni tí iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀ a gé e wẹ́wẹ́, a fi òkúta fọ́ eegun rẹ̀, a pò ó mọ́ ìyẹ̀fun ọkà báálì, a sì pe àwọn igún wá jẹ ẹ́. Orúkọ tí àwọn fúnra wọn ń pè é túmọ̀ sí fífún àwọn ẹyẹ ní ìtọrẹ. Àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n sọ ọ́ ní ìsìnkú ojú sánmà, orúkọ àlejò yìí náà ni ó sì tàn dé inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ti rí bí ojú ẹlẹ́bọ ṣe ń tú ká nígbà tí igún bá balẹ̀ sídìí ẹbọ rẹ̀ yóò tètè lóye ìdí tí ọkàn ẹbí òkú fi máa ń balẹ̀ bí àwọn ẹyẹ náà bá jẹ ẹ́ tán láìṣẹ́ ohunkóhun kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkú kì í ṣe ẹbọ, tí ẹ̀sìn Búdà kì í sì í ṣe ẹ̀sìn Ifá.

Mo fi èyí bẹ̀rẹ̀ nítorí pé òwúrọ̀ ọjọ́ kan lórí àpáta yẹn ni òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn àwọn ìwé tí mo fẹ́ fi wéra níhìn-ín. Òǹkọ̀wé márùn-ún ni wọ́n: Ma Jian, Xinran, Ma Yuan, Tashi Dawa àti Alai. Èdè Ṣáínà ni gbogbo wọn fi kọ̀wé, ilẹ̀ tí àwọn ará Tíbẹ́ẹ̀tì ń gbé ni gbogbo wọn sì kọ nípa rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá ka méjì nínú wọn tẹ̀ léra lè rò pé ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ibi tí olúkúlùkù dúró sí ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Ọ̀kan gbé kámẹ́rà dání, ọ̀kan wọnú àgọ́ ẹbí, wọ́n lé ọ̀kan padà sọ́nà ibi tó ti wá, àwọn méjì tó kù kò sì fi àpáta náà ṣe òpó ìtàn wọn, nítorí pé ohun tí a bí ènìyàn bá kì í yà á lẹ́nu.

Ó yẹ kí n tètè sọ ohun tí mo ń pè ní òǹkọ̀wé Ṣáínà, kí ọ̀rọ̀ má baà di ìjà. Ma Jian, Xinran àti Ma Yuan jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Han, ẹ̀yà tó pọ̀ jù lọ ní Ṣáínà. Ọdún 1959 ni wọ́n bí Tashi Dawa àti Alai, ìgbèríko Sichuan ni wọ́n sì ti bí àwọn méjèèjì; ẹ̀jẹ̀ Tíbẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yà mìíràn ni ó pàdé lára wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Tíbẹ́ẹ̀tì ni kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni pe àwọn ní ará Ṣáínà, mi ò sì ní bá wọn jiyàn. Èdè tí wọ́n fi kọ̀wé ni mo tẹ̀ lé. Alàgbà kan tó bá ka Ṣóyínká ní Gẹ̀ẹ́sì kò ní pè é ní òyìnbó fún ìdí yẹn.

Ohun tó wà nílẹ̀ kí àwọn ìwé wọ̀nyí tó dé ṣe pàtàkì. Ọmọ ogun Ṣáínà wọ Tíbẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1950. Ní ọdún 1959, rògbòdìyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Lhasa, olú ìlú Tíbẹ́ẹ̀tì, Dalai Lama, olórí ẹ̀sìn ibẹ̀, sì sá lọ sí Íńdíà. Ní 1963, wọ́n gbé fíìmù kan jáde tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ Nongnu, èyí tó túmọ̀ sí ẹrú oko, tí Li Jun darí. Nínú rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jampa di ohun gígùn fún ọmọ ọlọ́lá, ó pa ẹnu mọ́ bí odi fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ ogun ni wọ́n sì wá tú u sílẹ̀. Àwòrán àkọ́kọ́ nìyẹn: Tíbẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ọ̀run àpáàdì, ọmọ ogun tó jẹ́ olùgbàlà. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1980, tí ìjọba dẹ okùn díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ olórin, ayàwòrán àti akéwì láti Beijing àti Shanghai bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ sí Lhasa, wọ́n sì bí àwòrán kejì: Tíbẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ilẹ̀ awo àti ìwẹ̀nùmọ́, níbi tí ẹni tí ayé ìlú ńlá sú ti lè lọ wá ọkàn ara rẹ̀. Àwọn ìwé tí mo fẹ́ sọ ń bá ọ̀kan nínú àwòrán méjèèjì yìí jà, tàbí kí wọ́n máa ràn án lọ́wọ́ láìmọ̀.

Ma Jian àti Xinran: igún kan náà, ojú méjì

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ náà kedere, ẹ kọ́kọ́ gbé àwọn méjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọmọ ẹ̀yà Han ni àwọn méjèèjì, àárín ọdún márùn-ún ni wọ́n bí wọn síra, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì padà wá fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé.

Ìlú Qingdao ni wọ́n bí Ma Jian sí ní 1953. Ó ń ṣiṣẹ́ ayàwòrán nínú ilé iṣẹ́ ìròyìn ní Beijing kí ó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, tí ó sì rin Ṣáínà káàkiri fún bí ọdún mẹ́ta; ní 1985 ni ó dé Tíbẹ́ẹ̀tì. Ìtàn kékeré márùn-ún ni ó mú bọ̀, èyí tí a lè rí lónìí nínú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Flora Drew ṣe, Stick Out Your Tongue, tó jáde ní 2006. Yíyọ ahọ́n síta jẹ́ ìkíni ọ̀wọ̀ láàárín àwọn ará Tíbẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ó sì tún jẹ́ ohun tí oníṣègùn ń sọ fún aláìsàn nígbà tó bá fẹ́ yẹ ara rẹ̀ wò. Ìtumọ̀ kejì yìí ni mo rò pé ó sún mọ́ ọkàn òǹkọ̀wé náà jù lọ, nítorí pé àìsàn ni ó ń wá, ó sì rí i.

Ìtàn àkọ́kọ́ nínú ìwé náà wáyé ní ìlú kékeré kan létí adágún Yamdrok. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún kan, Myima, kú nídìí ìbímọ pẹ̀lú oyún nínú. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ni wọ́n jọ jẹ́ ọkọ rẹ̀, ọmọ ogun Ṣáínà kan tó wà nítòsí sì ti jẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó ń sọ ìtàn náà, tó jẹ́ àlejò láti Beijing, gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbé òkú rẹ̀ fún igún, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wá ya fọ́tò. Ó dé ibẹ̀ lóòótọ́. Ó ń fi ojú lẹ́ǹsì wo ara ọmọbìnrin náà, ó ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára. Ma Jian kò gbé ohùn sókè rárá, kò sì sọ pé èyí dára tàbí kò dára. Ó kàn ń ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí akọ̀wé ọjà ṣe ń ka ẹrù. Mo ka ojú ewé mẹ́ta níbẹ̀, mo sì pa ìwé náà dé fún ọjọ́ méjì.

Xinran, tí wọ́n bí ní Beijing ní 1958, jẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ rédíò ní Nanjing kí ó tó kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1997. Ìwé rẹ̀, Sky Burial, jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 2004, ìtumọ̀ náà jẹ́ ti Julia Lovell àti Esther Tyldesley. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ nìkan tó ìwé kan: ó ní ní 1963, nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, òun ta etí gbọ́ ní òpópónà Beijing pé àwọn ará Tíbẹ́ẹ̀tì gé ọmọ ogun Ṣáínà kan wẹ́wẹ́, wọ́n sì fi bọ́ igún nítorí pé ó pa igún kan. Ìbẹ̀rù ni gbólóhùn yẹn kọ́kọ́ jẹ́. Nígbà tí òǹkàwé bá fi máa dé ìparí ìwé náà, yóò tún pàdé igún tí wọ́n yìnbọn pa, ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ nípa ẹyẹ náà àti nípa àwọn tó ń dúró dè é yóò ti yí padà pátápátá. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí n má ba oúnjẹ ẹlòmíràn jẹ́.

Láàárín méjèèjì ni ìtàn Shu Wen wà, oníṣègùn ará Suzhou tí ọkọ rẹ̀ bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun lọ sí Tíbẹ́ẹ̀tì kí ìgbéyàwó wọn tó pé ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Ní 1958, ìwé dé pé ọkọ kú, ìwé náà kò sì ṣàlàyé kankan. Wen fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ wá a. Ó sọnù sínú pápá, ẹbí darandaran kan gbà á sílé, ó sì wà pẹ̀lú wọn títí ọgbọ̀n ọdún fi kọjá. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún wàrà, bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun ọkà báálì mọ́ tíì tí wọ́n fi bọ́tà sí, bí wọ́n ṣe ń wo ojú ọjọ́. Ayé ń yí ní Ṣáínà, ìyípadà àṣà tí Mao, olórí Ṣáínà, gbé kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1966, ó sì parí, Wen kò gbọ́ ohunkóhun.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ obìnrin ọlọ́kọ méjì, tí àwọn ìwé méjèèjì fọwọ́ kàn. Àwa tí a mọ ilé olórogún dunjú kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ilé tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti jọ fẹ́ obìnrin kan, ṣùgbọ́n ó ní ìdí tirẹ̀ níbẹ̀: bí àwọn arákùnrin bá fẹ́ aya ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn yóò pín ilẹ̀ àti agbo ẹran títí kò fi ní sí ohun tó tó ẹnikẹ́ni jẹ. Nínú ìtàn Myima, àṣà yìí jẹ́ ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ra ọmọbìnrin náà ni, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè. Nínú ìwé Xinran, ìyàwó ilé náà, Saierbao, ní ọkọ méjì, Gela àti àbúrò rẹ̀. Ó ya Wen lẹ́nu nígbà tó kọ́kọ́ fura, ṣùgbọ́n bí ó ti ń bá wọn gbé, ó rí i pé Saierbao ni òpó àgọ́ náà, kò sì sí ohun tó ń lọ níbẹ̀ tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ta ni ó sọ òtítọ́? Irú ìyá méjèèjì lè wà ní àfonífojì kan náà. Ohun tí mo rí ni pé Ma Jian dúró ní alẹ́ ọjọ́ kan, Xinran sì jẹ́ kí Wen dúró fún ọgbọ̀n ọdún, ohun tí àlejò alẹ́ kan lè rí kò sì lè tó ti ẹni tó bá wọn ṣí àgọ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn mú yín gbà pé ìwé Xinran ni ó dára jù. Àléébù rẹ̀ hàn sí mi: àwọn darandaran inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹni mímọ́ gbogbo wọn, wọn kì í bínú, wọn kì í ṣe ahun, wọn kì í purọ́. Ó tún rọrùn fún ìwé náà láti fi Wen pamọ́ sínú pápá ní àkókò gan-an tí wọ́n ń wó àwọn ilé ìsìn Búdà palẹ̀ káàkiri Tíbẹ́ẹ̀tì, nítorí náà òǹkàwé lè ka ìwé náà tán kí ó má mọ ohun tó gbé ìbínú àwọn ará ibẹ̀ wá. Xinran sọ pé ìtàn tòótọ́ ni, pé òun pàdé obìnrin náà ní Suzhou ní 1994, tí àwọn sì jọ wà fún ọjọ́ méjì. Ó tilẹ̀ fi lẹ́tà sí Shu Wen parí ìwé náà. Èmi kà á bí ìtàn àròsọ tó ní gbòǹgbò nínú ìgbésí ayé ẹnì kan, mo sì gbádùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti Ma Jian mú wàhálà wá. Ìwé ìròyìn lítíréṣọ̀ tó ga jù ní Ṣáínà, Renmin Wenxue, ni ó tẹ àwọn ìtàn náà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1987. Kíákíá ni ìjọba ní ó tàbùkù àwọn ará Tíbẹ́ẹ̀tì, wọ́n gba ẹ̀dà ìwé ìròyìn náà padà, wọ́n sì dá olóòtú rẹ̀, Liu Xinwu, dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ma Jian ti kó lọ sí Hong Kong ṣáájú ìgbà náà. Ó dùn mọ́ni láti rí ìjọba tó ń fi Tíbẹ́ẹ̀tì hàn bí ọ̀run àpáàdì ní 1963 tó ń gbèjà iyì rẹ̀ ní 1987. Ṣùgbọ́n inú bí àwọn ọmọ Tíbẹ́ẹ̀tì fúnra wọn pẹ̀lú, ìbínú wọn sì ní ìdí. Nínú ìtàn márààrún, bàbá bá ọmọ rẹ̀ lò pọ̀, wọ́n fi ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ní ó jẹ́ àtúnwá ẹni mímọ́ ṣe ètùtù tó ń dójú tini, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá àgọ́ ẹbí rẹ̀ títí lórí pápá. Ẹ̀rín ṣọ̀wọ́n nínú ìwé náà. Ohun tó gbà á sílẹ̀ lójú mi ni pé òǹkọ̀wé náà kò fi ara rẹ̀ pamọ́: olè ni ẹni tó gbé kámẹ́rà yẹn, ó sì jẹ́ kí a mọ̀ ọ́ bí olè. Ó sọ nínú ọ̀rọ̀ ìparí rẹ̀ pé ẹ̀sìn Búdà ni òun gbé lọ síbẹ̀, pé òun sọ ọ́ nù níbẹ̀, àti pé sísọ àwọn ará Tíbẹ́ẹ̀tì di áńgẹ́lì kò fi wọ́n sí ipò ènìyàn. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ nípa ti áńgẹ́lì. Mi ò mọ̀ bóyá ó fi gbogbo ojú wò wọ́n bí ènìyàn.

Ma Yuan: ẹni tí wọ́n lé padà

Èyí kò ní gùn. Ìgbèríko Liaoning, ní àríwá ìlà oòrùn, ni Ma Yuan ti wá. Ó lọ sí Tíbẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bí akọ̀ròyìn ní 1982, ó sì pẹ́ níbẹ̀ fún bí ọdún méje. Ìtàn tí ó sọ ọ́ di olókìkí, tó jáde ní 1985, wáyé nítòsí òkè Gangdise. Àwọn ọ̀rẹ́ kan nínú rẹ̀ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbé òkú ọmọbìnrin arẹwà kan fún igún, wọ́n sì jí ní òru láti lọ wòran. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà kò gbà fún wọn, wọ́n lé wọn. Ó tán. Òǹkàwé tó ti ń retí ìran náà yóò padà pẹ̀lú wọn láìrí nǹkan kan, àwọn ìtàn mìíràn inú rẹ̀ náà sì máa ń já lójijì, wọ́n máa ń yí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ padà, wọn kì í parí.

Àjèjì lójú, kò fi ríran: Ma Yuan nìkan nínú àwọn mẹ́ta tó jẹ́ ọmọ Han ni ó fi òwe yìí ṣe ọ̀nà ìkọ̀wé. Nínú ìtàn mìíràn, ó sọ gbangba pé òun ni ọmọ Han tó ń jẹ́ Ma Yuan, pé irọ́ ni òun ń pa, lẹ́yìn náà ni ó wá mú wa wọ abúlé àwọn adẹ́tẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún òótọ́ inú yẹn. Ṣùgbọ́n kí a má purọ́, ó máa ń rẹ ènìyàn. Lẹ́yìn ìtàn mẹ́ta, ọgbọ́n inú òǹkọ̀wé ni a ó ti mọ̀ dáadáa, a kò sì ní tíì mọ orúkọ ọmọ Tíbẹ́ẹ̀tì kan tó lè dúró sí wa lọ́kàn. Ẹni tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń kọ ìtàn ni kí ó lọ bá a. Herbert Batt ti túmọ̀ àwọn ìtàn Tíbẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì.

Tashi Dawa àti Alai: ìtàn láti inú ilé

Tashi Dawa kọ ìtàn rẹ̀ tó lókìkí jù ní 1985 náà, nípa ọmọbìnrin kan àti arìnrìn-àjò kan tó ń wá Shambhala, ilẹ̀ ìlérí inú ẹ̀sìn Búdà ti Tíbẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọbìnrin náà a ta kókó kan sára okùn awọ tó so mọ́ ìdí. Òun ni kàlẹ́ńdà rẹ̀. Ẹni tó ń sọ ìtàn náà jẹ́ òǹkọ̀wé tó lọ kí àgbà àlùfáà kan lórí àkéte ikú, ó sì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ìtàn kan tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ, tí ó tì mọ́nú àpótí, tí kò tíì fi han ẹnikẹ́ni. Ó dìde láti lọ wá àwọn ẹ̀dá ìtàn tí ó dá. Nígbà tí ó bá arìnrìn-àjò náà, ọkùnrin náà ń kú lọ, ohùn kan sì ń dún láti ojú ọ̀run ní èdè àjèjì. Ọkùnrin náà gbà pé ohùn ọlọ́run ni. Ìdíje Òlíńpíìkì ti Los Angeles ní 1984 ni wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́.

Mo ti ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún. Ma Jian ì bá ti fi í ṣe ẹ̀gàn, Xinran ì bá ti fi í ṣe ìyanu. Tashi Dawa jẹ́ kí ó jẹ́ méjèèjì, nítorí pé ó mọ ọkùnrin tó ń gbàdúrà náà, ó sì mọ ọ̀nà ọkọ̀ tí ìjọba là kọjá níwájú abúlé rẹ̀. Redíò àti ilẹ̀kẹ̀ àdúrà jọ wà lọ́wọ́ ènìyàn kan náà níbẹ̀. Ìtàn kékeré ni, ìjókòó kan tó o.

Alai ní tirẹ̀ kọ ìwé ńlá. Ó jáde ní Ṣáínà ní 1998, ó gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ Mao Dun ti Ṣáínà ní 2000, èyí tó sọ Alai di ọmọ Tíbẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó gbà á. Howard Goldblatt àti Sylvia Li-chun Lin túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 2002 pẹ̀lú àkọlé Red Poppies. Ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo àwọn yòókù. Ilẹ̀ Gyarong ni, ní ìwọ̀ oòrùn Sichuan, níbi tí Lhasa ti jìnnà tí Chengdu, olú ìlú Sichuan, sì súnmọ́. Àwọn ìjòyè tí ọba Ṣáínà àtijọ́ fún ní òǹtẹ̀ àṣẹ ni wọ́n ń ṣàkóso níbẹ̀, ìran dé ìran, wọ́n ń gba agbára láti ìlà oòrùn, wọ́n sì ń gba ẹ̀sìn láti ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó ń sọ ìtàn ni ọmọkùnrin kejì ìjòyè Maichi, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Han, tí gbogbo ilé sì gbà pé dìndìnrìn ni. Bí ó bá jí ní òwúrọ̀, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ ń bi ara rẹ̀ ni pé ibo ni òun wà, ta sì ni òun.

Ìdí rẹ̀ tí mo fi fẹ́ràn ìwé yìí ju àwọn yòókù ni pé àṣà inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ohun tí a gbé síwájú ilé fún ìwòran. Aṣojú ìjọba kan wá láti Sichuan, ó gbé ìbọn àti irúgbìn òdòdó ọ́píọ̀mù wá. Ìjòyè Maichi gbìn ín, ó di olówó. Àwọn aládùúgbò fẹ́ jí irúgbìn náà. Ìjòyè kan rán àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n mú wọn, wọ́n bẹ́ wọn lórí, wọ́n sì dá orí náà padà fún ọ̀gá wọn. Inú etí àwọn òkú ni irúgbìn náà wà. Nígbà tí gbogbo ilẹ̀ ti di oko ọ́píọ̀mù tí ìyàn sì dé, dìndìnrìn yìí ni ó ti ní kí wọ́n gbin ọkà, òun náà ni ó sì ṣí ọjà sí ẹnu ààlà dípò kí ó jagun. Apani ìjòyè wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé ìdílé kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìbẹ́rí láti ìran dé ìran. Àlùfáà tó wá wàásù ẹ̀ka ẹ̀sìn tuntun wà níbẹ̀, tí wọ́n gé ahọ́n rẹ̀ nítorí ohun tó sọ, tí ó sì ń fi ọwọ́ kọ ìtàn ìlú náà sílẹ̀. Ìwà ìkà pọ̀ níbẹ̀ bíi ti inú ìwé Ma Jian, ṣùgbọ́n ẹni tó ń hù ú ní orúkọ, ó ní ìyá, ó ní ohun tí ó ń bẹ̀rù, nígbà mìíràn ó sì ń dá àpárá.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Àwọn obìnrin inú ìwé náà máa ń wá nítorí ẹwà wọn, wọ́n sì máa ń lọ bákan náà. Ìlú tí ó sì kọ nípa rẹ̀ jẹ́ ti ààlà. Ẹni tó bá kà á tán tó wá rò pé òun ti mọ Lhasa, ó ṣi ọ̀nà.

Èwo ni kí ẹ mú?

Bí ẹ kò bá ti ka ohunkóhun nípa Tíbẹ́ẹ̀tì rí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Tashi Dawa, nítorí pé kò gùn, kò sì ní fún yín ní àwòrán kan ṣoṣo tí yóò ṣòro láti pa rẹ́. Àkójọ kan tí Herbert Batt ṣe ní 2001, Tales of Tibet, kó àwọn òǹkọ̀wé Han àti àwọn ọmọ Tíbẹ́ẹ̀tì pọ̀ sójú kan, ó sì wúlò fún ẹni tí owó rẹ̀ kò ju ti ìwé kan lọ. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ mú Alai.

Ẹni tó fẹ́ ìtàn ìfẹ́ àti ìrìn-àjò, tàbí tó fẹ́ fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìwé, Xinran ni kí ó rà. Èdè rẹ̀ rọrùn, kò sì sí ohun tó lè dá ẹ̀rù ńlá ba ọ̀dọ́ níbẹ̀ àfi ikú. Ẹ má ṣe fún ọ̀dọ́ ní ti Ma Jian. Àgbàlagbà tí àwòrán Tíbẹ́ẹ̀tì tó kún fún ẹ̀rín músẹ́ àti tùràrí ti sú ni ìwé yẹn wà fún, bí ó bá sì kà á, ó yẹ kí ó kà á pẹ̀lú ìfura sí ẹni tó gbé kámẹ́rà. Ma Yuan jẹ́ ti àwọn tó ń kọ̀wé.

Bí ọkàn yín bá sì fà sí ohùn ọmọ Tíbẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, Pema Tseden, tó kú ní 2023, kọ ìtàn kékeré ní èdè Tíbẹ́ẹ̀tì àti ti Ṣáínà, ó sì fi èdè Tíbẹ́ẹ̀tì darí fíìmù. Woeser, akéwì tí wọ́n bí ní Lhasa ní 1966, ń kọ̀wé ní èdè Ṣáínà. Ìjọba fòfin de ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ tó jáde ní 2003, ohun tó sì wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọdún tí Shu Wen kò rí láti inú pápá rẹ̀.

Ohun kan tí èmi ṣe tí mo fẹ́ kí ẹ dán wò: ẹ ya ìtàn Myima sọ́tọ̀ nínú ìwé Ma Jian, ẹ ya ìdá tó gbẹ̀yìn sọ́tọ̀ nínú ìwé Xinran, kí ẹ ka méjèèjì láàárín ọjọ́ kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ma Jian ní òwúrọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹ bá dé ibi tí igún ti tún padà wá nínú ìwé kejì, ẹ ṣọ́ ara yín dáadáa, kí ẹ wo ẹni tí ojú yín kọ́kọ́ wá: òkú náà ni, àwọn ẹyẹ ni, tàbí àwọn ẹbí tó jókòó jìnnà díẹ̀ tí wọ́n ń mu tíì.